Wáìnì Tó Bá Ìkọ́kọrẹ́ Mu

Ìjẹ̀bú-Òde,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àjọkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa? Àwa náà wà. Orúnkún bàbá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀, ó ti ń rìn dé ẹnu géètì láìdi ògiri mú. Ó ní kí n kí yín. Mo ti kí yín tán nìyẹn, torí ìkíni kọ́ ló jẹ́ kí n mú bírò lónìí.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ lánàá ni. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti kà á, mo tún kà á nígbà tí mo délé, bóyá ojú mi ló ṣì í kà. O ní: "Màámi, Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ méjì òní la máa wá jẹun lọ́dọ̀ yín, èmi, Dàpọ̀ àti Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, ìkọ́kọrẹ́ ni kẹ́ ẹ sè. Ẹ má da ara yín láàmú nítorí wáìnì o, Mọ́mì á gbé tiwọn wá."

Èmi ni Màámi. Ìyá ọkọ rẹ ni Mọ́mì. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn ìgbéyàwó, obìnrin náà ti gba orúkọ tó dùn jù, ó ti gba wáìnì, ó wá ku ìkọ́kọrẹ́ tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi: mò ń jowú. Mo jowú débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ àná. Bàbá rẹ jẹ ẹ́, ó sì mu omi ife mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ìwọ náà ò rí i pé "ó" ni mò ń pe ìyá ọkọ rẹ nínú lẹ́tà yìí? Tó bá dé, "wọn" ni màá pè é, màá sì tẹ orúnkún díẹ̀, nítorí ó fi ọdún mélòó kan jù mí lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé yìí, èmi àti ìwọ nìkan la wà, "ó" náà ló máa jẹ́.

Mi ò fẹ́ pè ọ́ lórí fóònù. Tí mo bá pè ọ́, o máa rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, a ó sì pa ọ̀rọ̀ náà tì bẹ́ẹ̀. Fúnkẹ́ ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ tó bá ń lọ kó ọjà l'Ékòó. O mọ̀ ọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tó ṣí ilé ìtajà ọtí síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Imusin. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń lọ jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀, tí ó ń kọ́ mi ní wáìnì. Mo sọ fún ọ pé ìpàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mò ń lọ. Irọ́ ni mo pa.

Mo fẹ́ kí ohun tí mò ń jà fún yé ọ. Wáìnì tí mo fọwọ́ ara mi yàn ni mo fẹ́ kó wà lórí tábìlì mi lọ́jọ́ náà, mi ò fẹ́ tiẹ̀. Mo sì fẹ́ kó jẹ́ pé ìwọ lo máa dà á fún wọn, kí o mọ ohun tí o ń dà àti ìdí tí o fi ń dà á. Ìdí nìyẹn tí ìwé yìí fi máa gùn. Fi sùúrù kà á. Tíṣà ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gé nǹkan kúrú.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ kíkan.

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ni, ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mi ò tíì mọ bàbá rẹ nígbà náà. Ìyàwó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa pe àwa tíṣà tuntun wá jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n gbé ife ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan síwájú mi, wọ́n da nǹkan funfun kan sí i, ó tutù, ó mọ́ gaara. Mo gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó kan! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ká jọ. Ohun tí ọmọ Ìjẹ̀bú máa ń ṣe sí ohun tó bá tutù tó sì kan ni èmi náà ṣe. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè rí ṣúgà díẹ̀?" Wọ́n rò pé tíì ni mo fẹ́ mu. Wọ́n gbé abọ́ ṣúgà wá, wọ́n tún da wáìnì sí ife mi, mo sì ju horo ṣúgà mẹ́ta sínú rẹ̀, mo fi ìdí fọ́ọ̀kì rò ó pọ̀. Ká ní ẹ̀pà wà lórí tábìlì yẹn ni, ǹ bá da ẹ̀pà sí i.

Àwọn tíṣà yòókù ń wo ilẹ̀. Ìyàwó ọ̀gá wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé, "Tíṣà, wáìnì kì í ṣe gaàrí o. Bó ṣe kan yẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ." Ojú tì mí gan-an, mo sì di ọ̀rọ̀ yẹn mú láti ọjọ́ náà pé wáìnì tó bá dára gbọ́dọ̀ kan. Mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún ó lé. Mo máa ń ya ife mẹ́ta sójú pátákó ní kíláàsì ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé, èyí tó yọ ikùn fún pupa, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀ fún funfun, èyí tó ga fíofío fún èyí tó ń hó. Àwọn ọmọ á yà á sínú ìwé wọn, èmi á fún wọn ní máàkì. Láàárín gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tún fẹnu kan wáìnì, mò ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ìwọ náà rántí ìgò wáìnì pupa tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. O rò pé ẹnì kan ló fi ta wá lọ́rẹ. Èmi ni mo rà á, lọ́jọ́ tí orúkọ rẹ jáde ní yunifásítì. Mo ní ọjọ́ tí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ mi ni màá ṣí i. Ọdọọdún ni mo ń wò ó pé ó ń dára sí i, nítorí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn pé bí wáìnì bá ṣe ń gbó ló ṣe ń dùn. Ìdúró ló wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, oòrùn ọ̀sán ń gba ojú fèrèsé wọlé sí i lára. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń fi aṣọ nu eruku ara rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará ilé Dàpọ̀ wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, mo gbé e jáde. Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dé e fọ́ sínú, mo fi asẹ́ tíì sẹ́ ẹ ní kíṣìnnì kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò, ó kan débi pé omi bọ́ lójú mi. Inú mi dùn! Mo ní ojúlówó nìyí. Mo gbé e jáde, mo sì fi ohùn tíṣà sọ fún wọn pé, "Ẹ má bẹ̀rù o, bó ṣe ń kan yẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ." Ìyá ọkọ rẹ fi kan ètè, ó gbé e mì, ó fi háńkíṣíìfù nu ẹnu, ó sì rọra gbé ife náà pamọ́ sẹ́yìn òdòdó orí tábìlì. Ó ní, "Ẹ ṣeun mà, a ti gbádùn." Ìwọ, ọmọ tí mo bí, lo bú sẹ́rìn-ín. O ní, "Màámi, fínígà lẹ fún wọn!" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ni ǹ bá tún ṣe? Ìgbà yẹn ni ìyá ọkọ rẹ wá yíjú sí ọ, nínú ilé mi, lójú mi, ó ní, "Má dààmú, Bùkọ́lá, èmi á kọ́ ẹ ní wáìnì." O sì dáhùn pé, "Ẹ ṣé, Mọ́mì." Ọjọ́ yẹn gan-an lowú wọ inú mi, kò sì tíì jáde.

Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ Fúnkẹ́ nìyí. Ife méjì ló gbé síwájú mi. Wáìnì funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí wà nínú ọ̀kan, èyí tó ti ṣí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wà nínú èkejì. Ó ní, "Mà, ẹ tọ́ méjèèjì wò." Àkọ́kọ́ kan, ṣùgbọ́n itọ́ ṣan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n mi, ẹnu mi mọ́, ebi sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Kíkan gaàrí Ìjẹ̀bú gẹ́lẹ́ ni, kíkan tí a fi ń yangàn. Ìkejì kan náà, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti gbá mi nímú kí ó tó dé ẹnu, mo sì tu ú dànù. Fúnkẹ́ ní, "Èyí kan. Èyí ti kan." Gbogbo ọdún yẹn, mo ti ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe nǹkan méjì.

Nítorí náà, ọmọ mi, gbóòórùn rẹ̀ kí o tó mu ún. Tó bá ń run bíi fínígà tàbí páálí tí omi pa, dà á nù, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohùn ńlá sọ fún ọ pé ojúlówó ni, ì báà jẹ́ èmi. Ìgò tó bá ní kọ́ọ̀kì, dá a dùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má baà gbẹ. Má gbé e sórí fìríìjì, má gbé e síbi tí oòrùn ti ń yọjú. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń tà fún wa, kí a mu ún láàárín ọdún kan tàbí méjì ni wọ́n ṣe é fún. Má ra wáìnì pamọ́ de ọjọ́ ńlá. Mu ún ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Èkejì, mọ ohun tí o ń rà. Ara àjàrà ni gbogbo wọn ti ń wá. Tí wọ́n bá fún omi àjàrà dúdú, tí wọ́n jẹ́ kí èèpo rẹ̀ wà nínú omi náà bó ṣe ń di ọtí, pupa nìyẹn. Tí wọ́n bá yọ èèpo kúrò kíákíá, funfun nìyẹn. Tí èèpo dúdú bá wà níbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ péré, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi sóbò tí wọ́n bu omi là, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní rósè. Èyí tó ń hó, tí kọ́ọ̀kì rẹ̀ ń fò, ìwọ náà mọ ìyẹn láti ibi ìgbéyàwó rẹ. Tí o bá gbọ́ tí ìyá ọkọ rẹ sọ pé wáìnì kan "gbẹ", ohun tó ń sọ ni pé ṣúgà inú àjàrà náà ti di ọtí tán, kò ku adùn. Kò sí àràmàǹdà kankan níbẹ̀. Ó kàn ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbin àjàrà náà.

Pupa míì máa ń fa ahọ́n bí obì. Èèpo àjàrà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò bàjẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Kábánè ló le jù nínú ìyẹn, Méẹ̀lò rọ̀ jù ú lọ. Mo kọ orúkọ wọn bí etí mi ṣe gbọ́ ọ, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ìgò aláràbarà tí wọ́n máa ń pín fún wa ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, tí a ń pè ní wáìnì, omi èso lásán ni, kò sí ọtí nínú rẹ̀. Má gbé e fún ẹni tó ní wáìnì lòun fẹ́, má sì gbé wáìnì fún ẹni tó rò pé omi èso ni.

Èyí ló gbé mi dé ìkẹta, ohun tí mi ò tíì sọ fún ọ rí. Wáìnì aládùn líle wà, èyí tí wọ́n da ọtí líle sí kí adùn rẹ̀ má baà tán. Ó dùn, ó ki, ó sì ń tan ènìyàn. Èmi àti bàbá rẹ ò tíì pé ọdún kan nílé nígbà tí a lọ síbi ìgbéyàwó olùkọ́ kan ní Ibefun, ìlú ìyá bàbá rẹ, Màmá Ibefun. Wọ́n gbé èyí fún mi, mo tọ́ ọ wò, kò kan rárá, mo ní omi èso ni. Mo mu ife mẹ́ta láìjẹun. Nígbà tí a ń fi mọ́tò gbé Màmá Ibefun padà sílé wọn, mo di ọwọ́ wọn mú, mo sì fi ìfẹ́ sọ fún wọn pé ẹ̀bìrìpò kókò tí wọ́n ń sè le bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Bàbá rẹ fẹ́ sá kúrò nínú mọ́tò.

Màmá Ibefun ò bínú. Ọjọ́ kejì, orí ń fọ́ mi, wọ́n gbé kókò àti ewé síwájú mi, wọ́n ní, "Ìyàwó, o mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ, ó yá, ṣe é." Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi. Wọ́n kọ́ mi ní ẹ̀bìrìpò, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rin èwùrà tí kò ní í ní kókó, bí a ṣe ń sọ ọ́ sínú omi ọbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a má fọwọ́ kàn án títí tó fi jinná. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé kí o wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ìgò, tó ń sọ bí ọtí inú rẹ̀ ṣe le tó. Jẹun kí o tó mu, máa fi omi tẹ̀ lé e. Adùn ò sọ pé kò le. Tí oyún bá wà níkùn rẹ, má mu ẹ̀kán kan, ẹni yòówù kó máa rọ̀ ọ́. Ẹni tí mò ń bá wí mọ ara rẹ̀.

Ó yá, oúnjẹ. Mi ò ka nọ́ńbà mọ́, mi ò tiẹ̀ mọ èyí tí mo kà dé.

Ìkọ́kọrẹ́ ni mo fi ṣe ìdánwò. Mo sè é, mo di í sínú kúlà, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Fúnkẹ́, a ṣí ìgò mẹ́rin, ife kékeré kékeré. Pupa la kọ́kọ́ gbìyànjú, Kábánè yẹn, nítorí epo pupa wà nínú oúnjẹ, mo ní àwọ̀ wọn bára mu. Ẹja gbígbẹ inú ìkọ́kọrẹ́ dé ẹnu mi pẹ̀lú wáìnì yẹn, ó dà bí ẹni pé mo lá kọ́kọ́rọ́. Ata náà wá ń jó mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀kọ́ méjì wà níbẹ̀: pupa tó ń fa ahọ́n kì í bá ẹja ṣe, àgàgà ẹja gbígbẹ àti edé, ata sì ń le sí i tí ọtí inú wáìnì bá pọ̀. Funfun tó gbẹ la gbìyànjú tẹ̀ lé e. Ó gba ẹja, ṣùgbọ́n ata ṣì ń bá a jà. Mo gbé ìyókù àwọn ìgò náà bọ̀ wálé, èmi àti bàbá rẹ tún jókòó tì í. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí mo tún se ìkọ́kọrẹ́, bàbá rẹ gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, "Ìyá Bùkọ́lá, kì í ṣe wáìnì lò ń mu yìí o. Owú ni." Mo bu ìkọ́kọrẹ́ sí i fún un.

Èyí tó bá a mu ni Ríslìn. Funfun ni, orúkọ àjàrà rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ó kan bíi gaàrí tiwa, ṣùgbọ́n adùn díẹ̀ wà lẹ́yìn kíkan náà, ọtí inú rẹ̀ kò sì le. Jẹ́ kó tutù dáadáa. Adùn yẹn máa pa iná ata, kíkan yẹn máa gé epo, kò sì ní í bá ẹja jà. Nígbà tí mo mu ún tẹ̀ lé òkèlè ẹ̀bà tútù àti ìkọ́kọrẹ́, mo dìde kúrò lórí àga. Bàbá rẹ, tí kì í yin nǹkan, ní, "Èyí dáa." Mo tún bi í, ó tún ní ó dáa. Kí ìyá ọkọ rẹ gbé tiẹ̀ wá, kó fi í sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àwọn yòókù kò le. Ọ̀jọ̀jọ̀, àkàrà, ohunkóhun tí o bá dín, èyí tó ń hó ni kí o fi tẹ̀ lé e, ó máa ń fọ epo kúrò lẹ́nu. Súyà àti ẹran ewúrẹ́ yíyan, fún un ní Méẹ̀lò, má fún un ní èyí tó ń fa ahọ́n jù, nítorí ata. Ẹran màlúù ọlọ́ràá tí kò lata ló lè kojú Kábánè. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti ẹ̀fọ́ rírò tó ní irú, rósè tutù ló bá wọn rẹ́. Kéèkì àti nǹkan aládùn mìíràn, kí wáìnì dùn ju ohun tí ẹ ń jẹ lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kan lẹ́nu yín, kíkan burúkú. Tí o bá gbàgbé gbogbo rẹ̀, bi ara rẹ pé kí ni oúnjẹ yìí fẹ́: ohun tó máa gé ọ̀rá, tàbí ohun tó máa pa iná ata? O mọ oúnjẹ. Ilé mi lo ti jẹun dàgbà.

Ìwé máa ń sọ pé kí a mu pupa bó ṣe wà nínú yàrá. Yàrá àwọn ará ìlú òtútù ni wọ́n ń sọ, wọn ò wọ pálọ̀ wa rí. Gbé pupa sínú fìríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àlejò tó dé. Funfun àti rósè, kí wọ́n wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Má dà á kún ife dẹ́nu. Mo mọ̀ pé a ti kọ́ ọ pé ife àlejò gbọ́dọ̀ kún, kí wọ́n má pè wá ní ahun, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́ta ife ni kí o dà á dé, kí òórùn rẹ̀ lè ráyè. Di ẹsẹ̀ ife mú, kí ọwọ́ rẹ má mú un gbóná. Èyí tó bá ṣẹ́kù, dé e, gbé e sínú fìríìjì, ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n bá wọlé lọ́jọ́ yẹn, tí ìyá ọkọ rẹ bá fa ìgò tiẹ̀ yọ, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Dúpẹ́. Yin ìgò náà, sọ pé ó rẹwà. Kí o wá gbé e lọ sínú fìríìjì mi, kí o tì í sẹ́yìn pátápátá, kí o sì pa ilẹ̀kùn dé.

Nǹkan kan wà tí mo ti ń yẹra fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ tí mò ń pè ní tèmi yìí, o ti rí i pé ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, tí wọ́n ń ta aṣọ ní Imusin, wọn ò ráyè kọ́ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sè é fún ìyá mi nílé wọn, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n ní, "Ó dùn o. Ta ló kọ́ ọ?" Mo yọ̀, mo ní, "Màmá Ibefun ni!" Wọ́n ní, "Ó dáa." Wọ́n fọ ọwọ́ wọn. Ìkọ́kọrẹ́ ṣì kún abọ́ wọn. Mo rò pé wọ́n ti yó ni. Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ dé lánàá, kí n tó mọ̀ pé wọn ò yó. Wọ́n ti kú, mi ò lè lọ bẹ̀ wọ́n. Mímọ̀ tí mo mọ̀ yìí ò sì dín owú tèmi kù, má tan ara rẹ jẹ. Ó kàn jẹ́ kí n mọ orúkọ rẹ̀ ni.

Mi ò ní kí o má kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ. Kọ́ ọ. Obìnrin tó dáa ni, ó sì fẹ́ràn rẹ, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ.

Má bá wọn wá lọ́jọ́ Àìkú. Wá lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ nìkan, kí Dàpọ̀ gbé ìyá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì. Ìgò Ríslìn méjì ni mo rà. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí èwùrà bá wà lórí iná, kí èmi àti ìwọ ṣí ọ̀kan ní kíṣìnnì, kí o fi ṣíbí bu ìkọ́kọrẹ́ díẹ̀, kí o mu wáìnì náà tẹ̀ lé e. Má kánjú gbé e mì. Má sì tìtorí pé inú mi á bàjẹ́ kí o wá parọ́ fún mi. Tó bá dára, a ó gbé e jáde. Tí kò bá dára, sọ fún mi níbẹ̀ yẹn, kí ó jẹ́ pé ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ, kí n má tún lọ kà á lójú ìyá ọkọ rẹ.

Èmi ni,
ìyá tó bí ọ.